Irin Orí Ẹní Bàámi

Adìẹ kan wà nílé wa tí kì í yé ẹyin síbòmíràn àfi orí ìjókòó ọ̀tún nínú mótò Bàámi. Bí mo bá ti lọ mú ẹyin náà, màá gbọn koríko kúrò lórí awọ ìjókòó náà, màá wò ó díẹ̀, màá sì tún fi sílẹ̀ fún adìẹ. Èmi gan-an ni wọ́n rán ìjókòó náà fún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo jókòó lé e.

Mótò náà kéré, ó sì wálẹ̀ gan-an. Èèyàn méjì péré ló ń gbà. Bí èèyàn bá dúró tì í, gíga rẹ̀ kò ju ìbàdí lọ. Kò ní òrùlé, àfi aṣọ tí wọ́n ń ká sẹ́yìn. Òyìnbó Faransé kan tó ń bójú tó oko ọ̀pẹ lápá Lagbé ló ni ín tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ó ti fi í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré ìje rí nílùú wọn, kí ogun ńlá àwọn Òyìnbó tó dé. Bàámi ló ń wa ọkọ̀ akẹ́rù oko náà. Nígbà tí a gba òmìnira tí Òyìnbó ń palẹ̀ ẹrù mọ́, mótò yìí ti lo bí ọdún mẹ́fà láìfọhùn. Òyìnbó ní kí Bàámi máa mú un lọ, pé òkú ni, òun kò lè gbé òkú wọ ọkọ̀ ojú omi.

Bàámi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tì í láti Lagbé dé Ìfọ̀nyìn, ìlú wa. Ọjọ́ ọjà ni. Obìnrin kan tó ń ta gaàrí pariwo sí wọn pé, “Ẹ̀yin àgbà, ṣé mótò ló gbé yín ni, àbí ẹ̀yin lẹ gbé mótò?”

Èkejì rẹ̀ dá a lóhùn pé, “Mótò wo? Ẹ ò rí i bó ṣe ń rá pálá nílẹ̀? Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n rà, wọ́n ń dà á relé.”

Láti ọjọ́ náà ni mótò ti ń jẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ. Mo wà lẹ́yìn wọn, mo ru fìlà àti ẹ̀wù wọn. Ojú ń tì mí débi pé mo fi ẹ̀wù Bàámi bojú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Ọdún mẹ́rin péré ni mo lò nílé-ìwé. Olùkọ́ máa ń ní kí n dìde kàwé sókè, ohùn mi kì í sì í jáde. Mo mọ̀ ọ́n kà, mo mọ̀ ọ́n kọ, ẹnu ni kò bá mi lọ.

Ohun tí àwọn ará ọjà kò mọ̀ ni pé ojú Bàámi ń lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ fura. Bí mo bá gbé omi fún un láti ẹ̀gbẹ́, kò ní rí ife náà àfi bí mo bá gbé e dé iwájú rẹ̀ gan-an. Mo tẹ̀lé e lọ sí ilé-ìwòsàn ní Àjàṣẹ́, olú-ìlú orílẹ̀-èdè wa. Dókítà fi iná wo ojú rẹ̀ pẹ́, ó sì sọ ní Faransé pé àrùn náà ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, bí ẹni ń rọra ti ilẹ̀kùn. Ó ní ó lè jẹ́ ọdún kan, ó lè jẹ́ méjì, yóò tì pátápátá. Bàámi gbọ́ Faransé jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó yíjú sí mi.

“Kí ló wí?”

Mo tún un sọ ní èdè wa. Mo rò pé ó fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tí kò lè parọ́ fún un.

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, ó ní, “Ọkọ̀ ẹlòmíràn ni mo fi gbogbo ayé mi wà. Kí ilẹ̀kùn yìí tó tì, mo fẹ́ wa tèmi lẹ́ẹ̀kan péré, láti iwájú ilé wa dé Àjàṣẹ́. Ìwọ ni yóò jókòó tì mí.”

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta nìkan ló sọ fún. Ọ̀kan ni Sójà, tó jagun fún àwọn Faransé, tó sì ń tún ọkọ̀ ogun ṣe lókè òkun. Mùsùlùmí ni. Ọ̀kan ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Daagbé, a ń pè é ní Baba Kẹ̀kẹ́. Ògún ló ń bọ. Ẹnìkẹta ni Télọ̀, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, tí kò mọ nǹkan kan nínú iṣẹ́ irin, ṣùgbọ́n tó lè dúró ti mótò láti àárọ̀ títí òòrùn yóò fi wọ̀, kó máa fi ọwọ́ pa á lára bí ẹṣin. Lọ́jọ́ Àìkú, bí Télọ̀ bá ti ti Mísà dé, gbogbo wọn a pàdé lábẹ́ igi máńgòrò wa.

Níbẹ̀rẹ̀, Baba Kẹ̀kẹ́ gba ẹnubodè kọjá lọ sí Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà, ó ra sípánà mẹ́fà bọ̀. Kò sí ọ̀kan tó bá nọ́ọ̀tì mótò náà mu. Sójà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

“Sípánà Gẹ̀ẹ́sì lo lọ rà! Mótò Faransé nìyí. Wọn ò gbédè ara wọn.”

“Ìwọ tó gbọ́ Faransé, bá a sọ̀rọ̀ kó ṣí.”

“Bọ̀n, ó dáa! Ẹ gbé òòlù wá. Gbogbo wọn ló gbọ́ èdè òòlù.”

Bàámi gbé orí sókè lábẹ́ mótò. “Ẹni tó bá fi òòlù kan Pẹ́pẹ́yẹ mi, orí rẹ̀ ni màá fi ṣe nọ́ọ̀tì.”

Télọ̀ ló rán àwọn ìjókòó, awọ ewúrẹ́ ló fi rán wọn. Ó wọn Bàámi, ó sì pe èmi náà kó wọ̀n mí. Mo ká ara mi jọ.

“Jókòó dáadáa, ìyàwó Àjàṣẹ́,” ó wí. “Ìjókòó ni mo ń rán, kì í ṣe àpò tí o máa sá wọ̀.”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bàámi kò mọ̀wé. Bó ṣe máa ń tú ẹ́ńjìnnì ni pé yóò tẹ́ ẹní ńlá kan sílẹ̀. Ohun tó bá kọ́kọ́ tú, igun òsì ni yóò fi sí, èyí tó bá tẹ̀lé e yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí ẹní yóò fi kún. Bó bá fẹ́ tò ó padà, èyí tó tú kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ mú. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sún ohunkóhun kúrò nípò rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ló fi ń ka orí ẹní náà bí ẹni ń kàwé.

Láàárín ẹní ni irin gbọọrọ mẹ́rin kan wà. Inú ikùn ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti jáde, àwọn ló ń yí ọ̀pá tó ń mú mótò rìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdérí kékeré tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì méjì dè mọ́ ọn nídìí. Fìlà ni àwọn àgbà wọ̀nyí ń pe ìdérí náà. Fìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra. Ṣùgbọ́n Bàámi fi ọwọ́ mi lé wọn, ó ní, “Irin àti fìlà rẹ̀, pọ̀ ni wọ́n gbẹ́ wọn. Bí o bá gbé fìlà èyí fún tọ̀hún, yóò dà bíi pé ó bá a mu. Lábẹ́lẹ̀ ni yóò ti máa jẹ ẹ́, títí yóò fi ṣẹ́.”

Sójà ní àwọn Òyìnbó mìíràn a máa tẹ nọ́ńbà sí wọn lára. Kò sí ọ̀kankan lára tiwa.

Ṣọ́ọ̀kì kan wà ní etí ìró mi lọ́jọ́ náà, láti ìgbà tí mo wà nílé-ìwé ni mo ti tọ́jú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé, “Bàámi, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin sí wọn lára.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àgbà mẹ́rin ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹní náà, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Mo di ṣọ́ọ̀kì náà mú títí òógùn fi mú un rọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo tún so ó padà sí etí ìró.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Baba Kẹ̀kẹ́ ri ègé irin kan mọ́ ìdí igi máńgòrò, ó ta epo pupa sí i. Ó ní níbi tí irin bá pọ̀ tó báyìí, Ògún ti wà níbẹ̀. Ó wá wolẹ̀, ó ní obìnrin tó bá ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun lórí ẹní, kí iṣẹ́ má baà bàjẹ́. Èmi náà wolẹ̀. Bàámi kò sọ nǹkan kan. Mo gbà pé òfin tirẹ̀ náà ni.

Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n jọ lọ sí Àjàṣẹ́ láti wá àwọn irin tuntun tó kù. Ìyá mi wà lóko. Èmi nìkan ni mo wà nílé, nǹkan oṣù mi sì ti di ọjọ́ kejì. Nígbà tó di ọ̀sán, ojú ọ̀run ṣú, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò retí òjò lásìkò yẹn. Afẹ́fẹ́ gbé ewé máńgòrò kọjá lórí ẹní. Ìkán òjò àkọ́kọ́ tóbi bí ẹyọ àgbàdo.

Bàámi ti sọ fún mi pé omi ni ọ̀tá àwọn irin yẹn, pé bí wọ́n bá dógùn-ún, ó parí. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mo pe ilé kejì, kò sí ẹni tó dáhùn àfi ìyá arúgbó kan tí kò lè rìn. Mo tún dúró. Lẹ́yìn náà ni mo tú ìró òkè tí mo ró, mo fi wé ọwọ́ mi méjèèjì, kí ara mi má baà kan irin. Mo di etí ẹní mú bẹ́ẹ̀, mo ń wọ́ ọ lọ sábẹ́ àtíbàbà.

Bí mo bá fi ọwọ́ lásán mú un ni, n kò rò pé yóò bọ́. Aṣọ ti tutù, ó ń yọ̀. Etí ẹní kan já bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹní dagun, gbogbo irin yí gbirigbiri lọ sí àárín, wọ́n di òkìtì kan.

Nígbà tí òjò dá, mo tẹ́ ẹní padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo fi aṣọ nu àwọn irin gbẹ, mo sì tún wọn tò. Mo ti wo ẹní náà lójoojúmọ́, nítorí náà púpọ̀ nínú wọn ni mo rántí ipò wọn. Irin gbọọrọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo mọ̀ wọ́n. Nínú fìlà mẹ́rin, méjì ní àbààwọ́n dúdú tí mo mọ̀. Méjì tó kù, n kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Mo gbé ọ̀kan sọ́tùn-ún, mo gbé èkejì sósì. Mo pààrọ̀ wọn. Mo tún pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbọ́ ohùn Sójà lójú ọ̀nà, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Bàámi bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. “Òjò rọ̀ níbí?”

“Ó rọ̀, Bàámi.”

“Ẹní mi ńkọ́?”

“Mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó.”

Baba Kẹ̀kẹ́ wò mí. “Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án?”

Mo mi orí pé kò sí. Bí mo bá sọ pé mo gbé e, ó di dandan kí n sọ ìdí tí mo fi fi aṣọ wé ọwọ́, lójú ọkùnrin mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu mi ju gbogbo irin tó wà nílẹ̀ lọ.

“Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀,” Bàámi wí. “Ọ̀rọ̀ gidi gan-an kì í sọ, ìgbà wo ni yóò ráyè parọ́?” Ó wá yíjú sí mi. “O ṣeun, ọmọ mi. O gba mótò wa là.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi tò ó padà. Kò sí ọjọ́ kan nínú wọn tí n kò lè sọ ọ́. Mo ń gbé omi lọ fún wọn lọ́jọ́ tí Bàámi ń de àwọn fìlà náà. Nígbà tó kan ìkẹta, ó dá ọwọ́ dúró, ó yí irin náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

“Ó le díẹ̀,” ó wí.

Sójà ní, “Ohun tuntun ló wà nínú rẹ̀. Ohun tuntun a máa le. Bí iná bá wọ̀ ọ́, yóò rọ̀.”

Bàámi de nọ́ọ̀tì náà. Ó gbé ojú sókè sí apá ibi tí mo wà, n kò mọ̀ bóyá ó rí mi. Mo gbé igbá omi kalẹ̀, mo kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Pẹ́pẹ́yẹ fọhùn, Télọ̀ jó títí bàtà rẹ̀ kan fi bọ́. Àwọn èèyàn sáré ti ọjà wá. Obìnrin onígaàrí ọjọ́sí náà wá, ó káwọ́ lórí. “Ẹ gbà mí o! Pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ fò!” Bàámi wọ kóòtù tó fi gbéyàwó. Ó jókòó sídìí fọláǹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí i ká, irin róbótó tí wọ́n fi ń darí mótò náà, bí ẹni ń wá ojú kan tó ti mọ̀ rí. Mo jókòó tì í. Sójà àti Baba Kẹ̀kẹ́ gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé wa.

“Ọ̀gangan iwájú ni mo ń rí,” ó wí fún mi. “Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di tìrẹ. Ohun tó bá wà níbẹ̀, sọ ọ́ sókè.”

Mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ju bí mo ti ń sọ lọ́dún kan lọ. “Ewúrẹ́, lọ́tùn-ún. Obìnrin tó ru igi. Kẹ̀kẹ́ ń bọ̀. Ọmọdé méjì, wọ́n ti dúró.” Bàámi ń rẹ́rìn-ín, atẹ́gùn ń fẹ́ kóòtù rẹ̀. A kọjá oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, a já sí títì Àjàṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi: kọ́, kọ́, kọ́. Kò pariwo. Ó dà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ jí onílé.

Mo mọ ohun tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni: Bàámi, ẹ dúró ná. Ẹnu mi sì ti là tẹ́lẹ̀, mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ohun tí mo sọ ni pé, “Ewúrẹ́, lósì.”

A ti rí òkè kan létí odò lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí ohun kan ṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, tó sì la ikùn rẹ̀ jáde. Epo dúdú tú sójú títì. Pẹ́pẹ́yẹ fi ara rẹ̀ yí lọ díẹ̀, ó dúró. Bàámi kò bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Sójà dé bá wa, ó wo abẹ́ mótò, ó fa irin tó ṣẹ́ náà yọ, ó gbé e lé Bàámi lọ́wọ́. Bàámi fi ìka wò ó yíká.

“Ìkẹta ni,” ó wí. “Fìlà rẹ̀ kọ́ nìyí. Mo ti ṣi fìlà méjì gbé fún ara wọn.” Ó rọra gbé irin náà sórí itan. “Mo rò pé ojú nìkan ló ń lọ. Ọwọ́ náà ti lọ.”

Baba Kẹ̀kẹ́ ṣí fìlà orí rẹ̀. Mo jókòó síbi tí Télọ̀ wọn fún mi, mo sì jẹ́ kí Bàámi gbà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tì í padà wálé. Irin bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa tàbí ní òdìkejì ẹnubodè, kí wọ́n sì tó rí ẹni tí yóò bá wọn wá a láti òkè òkun, ilẹ̀kùn ojú Bàámi ti tì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ohun tó ń dùn mí ni pé Bàámi kó àwọn sípánà rẹ̀ sínú àpótí, ó tì í sábẹ́ ibùsùn, kò tún fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan mọ́. Bó bá so okùn mọ́ ẹsẹ̀ ewúrẹ́, yóò ní kí n wá wò ó bóyá ó so. Bó bá ka ẹyin fún Ìyá mi, yóò ní kí n tún un kà. Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ kàwé lórí ẹní. Sójà ti kó lọ sí Ṣakẹ́tẹ́. Baba Kẹ̀kẹ́ kọjá sí Nàìjíríà, kò padà. Télọ̀ nìkan ló ṣì ń yà wá wò.

Lọ́dún yìí, ọdún karùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo mú ẹyin wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Bàámi tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó na igbá sí mi.

“Bá mi wò ó, bóyá mo ti fi òkúta sílẹ̀ nínú rẹ̀. O mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ mọ́ láti ọjọ́ Pẹ́pẹ́yẹ.”

Kò sí òkúta kan nínú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́: òjò, ìró tí mo fi wé ọwọ́, ẹní tó dagun, fìlà méjì tí n kò mọ̀ yàtọ̀, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí n kò já. Mo sọ ìdí tí mo fi wé ọwọ́ pẹ̀lú.

Adìẹ wọlé, ó ṣa ẹ̀wà méjì, ó tún jáde.

“Ìyá mi ló ń fẹ́ ẹwìrì fún bàbá mi ní àgbẹ̀dẹ,” ó wí. “Lójoojúmọ́. Ta ló ń ka ọjọ́ fún un? Òfin ilé Baba Kẹ̀kẹ́ nìyẹn. N kò fẹ́ já a kulẹ̀ lójú àwọn yòókù ni mo ṣe dákẹ́.”

“Ẹ dárí jì mí, Bàámi.”

Títí di òní, kò tíì dá mi lóhùn lórí ìyẹn, n kò sì tún bi í. Ohun tó sọ ni pé, “Wọ́ àpótí mi jáde.”

Mo wọ́ ọ. Ó dógùn-ún, mo ní láti fi ọ̀bẹ ṣí i. Ó ní kí n tẹ́ ẹní. Ó mú sípánà àkọ́kọ́, ó fi àtàǹpàkò yí ẹnu rẹ̀ ká. “Mẹ́tàlá,” ó wí, ó gbé e sí igun òsì. Mo ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Mẹ́tàlá ni. Ó mú èkejì. “Mẹ́rìnlá.” Bẹ́ẹ̀ ni. “Mẹ́tàdínlógún.” Bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú òmíràn. “Èyí jẹ́ ọ̀kan lára ti Gẹ̀ẹ́sì tí Baba Kẹ̀kẹ́ rà, gbé e sọnù.” Bẹ́ẹ̀ ni.

Ó mú gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ẹní fi kún. Mo ń ka nọ́ńbà sókè tẹ̀lé e. Kò ṣi ọ̀kan ṣoṣo.